Èdè Ni àbí Ìlànà? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Àwọn Akọ-kóòdù ní Àríwá Ítálì

Láti Ivrea, ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá Turin, títí dé Padua, ìrìn ọkọ̀ náà kò tó 400 kìlómítà. Lójú ọ̀nà yẹn, ènìyàn á kọjá lára ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, lára ibi tí wọ́n ti ń kan yàrá tí àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ń gbé, lára ọ́fíìsì àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù fún báńkì, kí ó tó wá gúnlẹ̀ sí yunifásítì tó ti wà láti ọdún 1222. Sọ́fítíwíà ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Síbẹ̀ ẹnu wọn kò kò lórí ọ̀rọ̀ kan: bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ṣé èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ọ́ ló jẹ̀bi ni, àbí àwọn tó kọ ọ́ àti ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé?

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń kàwé yìí nílé. Ọmọ tó bá kúrò ní Èkó tàbí Ìbàdàn lọ sí Politecnico di Torino yóò bá àríyànjiyàn yìí nínú kíláàsì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní Yábàá tó fẹ́ gba akọ-kóòdù tuntun yóò bá a lórí tábìlì rẹ̀. Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ pọ̀, àwọn tó ni wọ́n kì í sì í sábà gbọ́ ti ara wọn, nítorí ohun tí oníkálukú ń kọ yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì.

Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò

Corrado Böhm, ọmọ bíbí Milan ní 1923, ló yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ. Nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Zurich ní 1951, ó ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan, ó sì fi èdè náà gan-an ṣàpèjúwe ètò tí yóò máa túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ní 1966, òun àti Giuseppe Jacopini fi ìṣirò hàn pé kò sí ètò tí a kò lè kọ láìlo goto, àṣẹ tó ń mú ẹ̀rọ fò kiri inú kóòdù. Kí àṣẹ tẹ̀ léra, kí ẹ̀rọ lè yan ọ̀nà, kí ó lè tún iṣẹ́ ṣe: ìwọ̀nyí tó. Lẹ́yìn ọdún méjì, Edsger Dijkstra tọ́ka sí iṣẹ́ wọn nínú lẹ́tà olókìkí tó fi bẹnu àtẹ́ lu goto. Java àti Python tí à ń lò lónìí kò ní àṣẹ náà rárá.

Böhm kọ́ni ní Yunifásítì Turin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì fi àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀. Mariangiola Dezani-Ciancaglini àti Mario Coppo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lórí bí a ṣe lè sọ pé nǹkan kan ṣoṣo jẹ́ irú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí kọ̀ǹpútà sì lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí ètò tó ṣiṣẹ́. A rí irú èrò yẹn nínú TypeScript àti Scala báyìí. Ní Bologna, Andrea Asperti, Claudio Sacerdoti Coen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ Matita, ohun èlò tí ènìyàn fi ń kọ ẹ̀rí ìṣirò, tí ẹ̀rọ á sì máa yẹ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò.

Agbára èrò yìí hàn kedere. Ìdánwò kò lè sọ ju ohun tí a dán wò lọ, àmọ́ ẹ̀rí ìṣirò kárí gbogbo ọ̀nà tí ètò lè gbà. Àìpé rẹ̀ náà kò fara sin. Ohun tí a kọ sílẹ̀ pé a fẹ́ nìkan ni ẹ̀rí lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ohun tí a fẹ́ bá ti wọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí yóò fọwọ́ sí wíwọ́ náà. Ó tún ń gba àkókò púpọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sì pọ̀. Kódà lórí goto, Donald Knuth fi hàn ní 1974 pé àwọn ibì kan wà tí yíyọ ọ́ kúrò ń mú kí kóòdù nira láti kà. Pé nǹkan ṣeé ṣe yàtọ̀ sí pé ó dára láti ṣe é.

Ada, láti Padua dé Caselle

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ní Amẹ́ríkà ló dá èdè Ada sílẹ̀, nítorí pé àwọn èdè tí àwọn ológun wọn ń lò ti pọ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè bójú tó. Ìlànà rẹ̀ di ìtẹ́wọ́gbà ní 1983. Ada a máa béèrè ìbéèrè púpọ̀ lọ́wọ́ akọ-kóòdù kí ó tó gbà. Bí ènìyàn bá ti sọ mítà àti ẹsẹ̀ bàtà di irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Ada kò ní jẹ́ kó rò wọ́n pọ̀. Bí ó bá sọ pé iye kan kò gbọ́dọ̀ kọjá ààlà, Ada á ṣọ́ ààlà náà. Èdè yìí ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú sọ́fítíwíà Eurofighter Typhoon, bàálù ogun tí wọ́n ń to ti Ítálì pọ̀ ní Caselle, lẹ́bàá Turin.

Ní Yunifásítì Padua, Tullio Vardanega ni ojú tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Ada. Àjọ Òfuurufú Yúróòpù ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ Ada-Europe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun, Alan Burns àti Brian Dobbing ló kọ ìwé ìtọ́sọ́nà lórí Ravenscar, ìyẹn apá kan Ada tí wọ́n gé kù fún ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n gé kúrò ni ohun tí kò jẹ́ kí a lè ṣírò tẹ́lẹ̀ bóyá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò parí lásìkò. Ìgboyà wà nínú èrò yìí: wọ́n mú èdè tó dára, wọ́n sì dín in kù títí ohun tó ṣẹ́ kù fi ṣeé ṣírò.

Àmọ́ Ada ni wọ́n fi kọ kóòdù tó ba rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 jẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996. Wọ́n mú kóòdù ìtọ́sọ́nà láti ara Ariane 4. Iye kan tó gba bíìtì 64 tóbi ju ibi bíìtì 16 tí wọ́n fẹ́ kó o sí lọ, wọn kò sì fi ààbò sí iye yẹn nítorí pé wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà fi fọ́ túútúú lójú òfuurufú. Àwọn olólùfẹ́ Ada ní èdè náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó rí àṣìṣe náà. Ènìyàn ló yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò. Àwọn tó ń takò wọ́n ní rírí tó rí i gan-an ló pa kọ̀ǹpútà náà, nítorí kò sẹ́ni tó ti sọ ohun tó yẹ kó ṣe bó bá rí i. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ìṣòro Ada tó kù kò le láti sọ: àwọn tó gbọ́ ọ kò tó nǹkan, ilé iṣẹ́ tó bá sì yàn án yóò máa wá òṣìṣẹ́ pẹ̀lú àtùpà.

C lábẹ́ òfin

Turin jẹ́ ìlú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá Fiat sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1899, èdè C sì ni èdè tó gbilẹ̀ jù lọ nínú àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń darí ẹ̀ńjìnnì àti bíréèkì. C kò béèrè nǹkan púpọ̀. Bí akọ-kóòdù bá ní kó kọ nǹkan sí àyè kọkànlá nínú àpótí tó ní àyè mẹ́wàá, á kọ ọ́. Àwọn ibì kan tilẹ̀ wà tí ìlànà èdè náà fúnra rẹ̀ kò ti sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Kàkà kí wọ́n fi C sílẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin fún un ní 1998, wọ́n pè é ní MISRA C. Òfin náà ti kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì lọ káyé, Parma sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe: Roberto Bagnara ti yunifásítì ìlú náà wà lára àwọn tó ń kọ ọ́. BUGSENG, ilé iṣẹ́ tó jáde láti inú yunifásítì yẹn, ń ta ECLAIR, ohun èlò tó ń ka kóòdù láti wá ibi tó ti rú òfin. Wọ́n ti bá àwọn tó ń ṣe Xen, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà púpọ̀, ṣe pọ̀ láti mú kóòdù ńlá kan, tí wọ́n ti kọ tipẹ́ láìro ti MISRA, wá sábẹ́ òfin yìí. Iṣẹ́ tó le nìyẹn, ó sì níyì ju kíkọ tuntun lọ.

Ohun tó dára nínú MISRA ni pé kì í tan ara rẹ̀. Ẹ̀dà 2012 pín òfin sí èyí tí ẹ̀rọ lè dájọ́ rẹ̀ àti èyí tí kò sí ẹ̀rọ tó lè dájọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ yà kúrò nínú òfin kan lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó bá kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ó kù sí ni pé títẹ̀ lé òfin lè di ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Cathal Boogerd ti Delft àti Leon Moonen ṣe ìwádìí ní 2008 lórí sọ́fítíwíà ilé iṣẹ́, wọ́n sì rí i pé díẹ̀ nínú òfin náà ló bá ibi tí àṣìṣe wà mu. Wọ́n tún kìlọ̀ pé títún kóòdù ṣe kí ó lè bá òfin tí kò wúlò mu lè dá àṣìṣe tuntun sílẹ̀.

Rust àti ẹ̀rí tuntun

Èdè Rust, tó dé ẹ̀dà 1.0 ní 2015, ní èrò tó rọrùn láti lóye. Ó ní kí kọ̀mpáílà, ìyẹn ètò tó ń túmọ̀ kóòdù fún ẹ̀rọ, mọ ẹni tó ni àyè ìrántí kọ̀ọ̀kan nínú ètò, ẹni tó yá a lò, àti ìgbà tó yẹ kó dá a padà. Ètò tó bá da èyí rú kò ní kọjá. Microsoft àti Google ti sọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé nǹkan bí 70 nínú 100 àṣìṣe ààbò tó le nínú iṣẹ́ C àti C++ wọn ló jẹ mọ́ ìlòkulò àyè ìrántí. Ẹ̀rí tó tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ ti Android wá. Ní 2019, 76 nínú 100 àléébù ààbò rẹ̀ ló jẹ́ irú èyí; nígbà tó fi di 2024, wọ́n ti bọ́ sí 24. Wọn kò tún gbogbo kóòdù àtijọ́ kọ. Kóòdù tuntun ni wọ́n ń fi èdè tó ní ààbò kọ. Nínú gbogbo ohun tí àwọn olùfẹ́ èdè kan ti fi jà, kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó èyí.

Politecnico di Torino wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Luca Ardito, Riccardo Coppola, Luca Barbato àti Michele Valsesia tẹ ìwádìí kan jáde ní 2021 tó fi Rust wé C, C++, Python, JavaScript àti TypeScript, láti mọ bí kóòdù ṣe gùn tó, bó ṣe díjú tó, àti bó ṣe rọrùn láti lóye tó. Ó dára pé ẹnì kan jókòó wọ̀n ọ́n dípò kó máa pariwo. Àmọ́ ètò kéékèèké ni wọ́n wọ̀n, wọn kì í ṣe irú èyí tí ọgbọ̀n ènìyàn ti fọwọ́ kàn fún ogún ọdún.

Kíkọ́ Rust nira ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ibi tí akọ-kóòdù lè sọ pé kí kọ̀mpáílà má ṣọ́ òun, iṣẹ́ tó bá sì sún mọ́ ẹ̀rọ kò lè ṣe láìlo ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó sì ti náwó sórí C fún ọgbọ̀n ọdún kò lè ṣí lóru ọjọ́ kan.

Ivrea: kí gbogbo ènìyàn lè kọ

Ivrea ní ìdáhùn tó yàtọ̀ pátápátá, ó sì ti ní in láti ìgbà ilé iṣẹ́ Olivetti. Ní 1965, ilé iṣẹ́ yẹn gbé Programma 101 jáde ní New York, ẹ̀rọ orí tábìlì tí Pier Giorgio Perotto àti ikọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà lè kọ ètò fún un, kó tọ́jú ètò náà sórí káàdì kékeré, kó sì fún ẹlòmíràn. Ó lé ní 40,000 tí wọ́n tà, àwọn ẹnjiníà NASA sì lò ó nígbà Apollo 11.

Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 2005, Arduino jáde láti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Ivrea kan náà. Massimo Banzi, David Cuartielles, Tom Igoe, Gianluca Martino àti David Mellis ló gbé e kalẹ̀, orí Wiring tí Hernando Barragán ti ṣe níbẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. C++ ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, èdè tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ẹnjiníà gan-an. Wọ́n fi ìbòrí bo ohun tó le níbẹ̀, ó ku apá méjì tí olùlò gbọ́dọ̀ kọ: ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe lẹ́ẹ̀kan, àti ohun tí yóò máa ṣe lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè mú iná tàn, kó wọn ooru, kó darí mọ́tò, láàárín ọ̀sán kan.

Alex Martelli, tó kàwé ní Yunifásítì Bologna, tó sì kọ Python in a Nutshell, wà nínú ìdílé èrò kan náà láti ọ̀nà mìíràn. Òun wà lára àwọn tó tan èrò kan kálẹ̀, pé kí Python má béèrè irú ohun tí nǹkan jẹ́. Kó kàn wò bóyá ó lè ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Lọ́dọ̀ wa nílé, Yorlang, tí àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wá láti inú ìfẹ́ kan náà pé kí ilẹ̀kùn ṣí fún ẹni tó wà lóde, ó sì tọ́ kí àwọn olùkọ́ wa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ohun tí èrò yìí ní tí àwọn yòókù kò ní ni àwọn ènìyàn. Ẹni tó mọ oko tàbí ilé ìwòsàn dáadáa lè kọ ètò tirẹ̀, ó sì lè mọ àṣìṣe kan tí ẹnjiníà kò ní mọ̀ láéláé. Ewu rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ṣe fún ìdánwò a máa di ohun tí wọ́n gbé sí ẹnu iṣẹ́ gidi, láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ìbòrí tó mú nǹkan rọrùn á sì bo àṣìṣe pẹ̀lú.

Àwọn tó ní ìlànà iṣẹ́ ló ṣe pàtàkì

Ní Milan, Carlo Ghezzi àti Dino Mandrioli ti Politecnico di Milano, pẹ̀lú Mehdi Jazayeri, tẹ ìwé ẹ̀kọ́ kan jáde ní 1991 tí ọ̀pọ̀ yunifásítì lò. Ohun tí wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀ ni àwọn ìlànà tó bá èdè gbogbo mu: kí iṣẹ́ péye, kí a ya ọ̀ràn kúrò lára ọ̀ràn, kí a pín ètò sí apá, kí a retí àyípadà. Ní Bolzano, Giancarlo Succi gbé ìwádìí lórí ọ̀nà mìíràn lárugẹ, ìyẹn kí a kọ ìdánwò kí a tó kọ kóòdù, kí ènìyàn méjì jókòó sí kọ̀ǹpútà kan, kí iṣẹ́ máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ìpàdé àgbáyé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wáyé ní Genoa ní 2003 àti ní Como ní 2007. Ìwé kíkún ni ti Milan, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìdánwò ni ti Bolzano, àmọ́ àwọn méjèèjì gbà pé èdè kò lè gba ẹgbẹ́ tí kò létò là.

Turin ló fún wọn ní ẹ̀rí tó dun ni jù. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 2016, Schiaparelli, ẹ̀rọ tí Àjọ Òfuurufú Yúróòpù rán lọ balẹ̀ sí Mars, bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀. Thales Alenia Space ní Turin ni agbaṣẹ́ṣe àgbà. Párásúùtì rẹ̀ ṣí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà fì ju bí wọ́n ti rò lọ, ohun èlò tó ń wọn yíyí rẹ̀ sì dé òpin ohun tó lè wọ̀n, ó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Sọ́fítíwíà gba iye náà gbọ́, ó fi ṣírò, ìdáhùn sì jáde pé ẹ̀rọ ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà yẹn ó ṣì wà ní nǹkan bí kìlómítà 3.7 lókè. Ó tú párásúùtì sílẹ̀, ó tan ẹ̀ńjìnnì ìdádúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ó pa wọ́n, ó já lulẹ̀.

Ìròyìn ìgbìmọ̀ olùwádìí jáde ní oṣù Karùn-ún 2017. Ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ ni pé àpẹẹrẹ ìṣirò tí wọ́n ṣe fún párásúùtì kò péye, pé àkókò tí wọ́n fún àmì ìkìlọ̀ ohun èlò náà gùn jù, pé sọ́fítíwíà kò yẹ ara rẹ̀ wò tó, àti pé àbójútó àwọn tí wọ́n gbé apá kan iṣẹ́ fún kù díẹ̀ káàtó. Èdè kò sí lára ẹ̀bi. Olùfẹ́ Ada lè sọ pé bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé gíga kò gbọ́dọ̀ kéré ju òdo lọ, èdè yóò ti figbe ta. Ó lè figbe ta lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè Ariane yóò padà dé: kí ni kí ẹ̀rọ tó ń já bọ̀ ṣe nígbà tó bá gbọ́ igbe náà? Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ti ro ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn oníìlànà náà ní gbèsè. Microsoft àti Google kò ṣaláìní ìlànà. Wọ́n ní olùyẹ̀wò, ìdánwò àti owó, àṣìṣe àyè ìrántí sì ń yọjú lọ́dọọdún títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí yí èdè padà. Irú àṣìṣe kan wà tí ìkìlọ̀ kò lè mú kúrò lọ́wọ́ ènìyàn.

Kí ni àwọn iye sọ?

Ní 2014, Baishakhi Ray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ iṣẹ́ 729 wò lórí GitHub, ní èdè 17. Wọ́n ní èdè ní ipa lórí àṣìṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipa náà kéré. Àwọn ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ náà kiri bí ìdájọ́. Ní 2019, Emery Berger, Jan Vitek àti àwọn mìíràn tún iṣẹ́ náà ṣe. Púpọ̀ nínú àbájáde rẹ̀ kò dúró. Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tó yan Haskell àti ẹni tó yan PHP kì í ṣe irú ènìyàn kan náà, wọn kò sì ń kọ irú nǹkan kan náà.

Ohun tí kò tíì yanjú

Lákọ̀ọ́kọ́, kò tíì sẹ́ni tó mọ bí a ṣe lè ya ipa èdè kúrò lára ipa àwọn tó yàn án, àfi lórí ọ̀rọ̀ àyè ìrántí nìkan, níbi tí ẹ̀rí ti ń pọ̀ sí i. Bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Android yóò ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí kóòdù rẹ̀ ń pẹ́ lórí títì tó sì nílò ìwé ẹ̀rí ààbò, kò tíì hàn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kóòdù tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ń kọ. Ó lè sọ èdè tó nira di èyí tó rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀, ó sì lè mú kí kóòdù pọ̀ ju ohun tí olùyẹ̀wò lè kà lọ. Gbogbo àwọn ìdáhùn tó wà lókè yìí ló gbà pé ènìyàn ló kọ kóòdù, pé a sì lè bi í ní ìdí.

Òfin sì ti dé kí ìdáhùn tó pé. Òfin Yúróòpù lórí ààbò ọjà tó ní sọ́fítíwíà nínú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2024, púpọ̀ nínú ojúṣe tó gbé ka àwọn olùṣe ọjà yóò sì múlẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2027. Kò dárúkọ èdè kankan; ohun tó ń béèrè ni pé kí olùṣe ọjà lè fi hàn pé òun ronú sí ewu. Parma lè mú àbájáde ECLAIR wá, ẹni tó ń kọ Rust ní Turin á ní kọ̀mpáílà ti gbà á, Bologna á gbé ẹ̀rí ìṣirò kalẹ̀, Milan á kó ìwé ìlànà rẹ̀ dé. Èwo nínú wọn ni olùṣàyẹ̀wò yóò kà sí ẹ̀rí tó tó, àti ta ni yóò san owó rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, jẹ́ ohun tí àwọn ìlànà tó yẹ kó bá òfin náà rìn yóò ní láti sọ.